Afárá Oyin Nínú Ilé Ọlọ́run

Tiratur agbẹ́kùúta kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú gírígírí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí nígbà tí n bá fi sọ ọ́ dé ìdí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fẹ́ sọ ọ́ nù. Èmi náà ti sọ ọ́ nù rí, mo sì tún padà lọ he é.

Abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ ilé ìjọsìn Khoranasar ni wọ́n bí i sí, lókè níbi tí àlìkámà ti ń pẹ́ kó tó gbó, tí yìnyín kì í sì í pẹ́ kó tó dé. Darandaran ni bàbá rẹ̀. Tiratur kò fẹ́ràn àgùntàn rárá, òkúta ló fẹ́ràn. Bí wọ́n bá ní kó da ẹran, á jókòó ti àpáta, á máa fi ọ̀bẹ fín àgbélébùú sí i lára, àwọn àgùntàn á sì ti wọ oko olóko. Bàbá rẹ̀ lù ú títí. Nígbà tó rí i pé ẹgba ò ran ọ̀rọ̀ náà, ó fà á lé ọ̀gá agbẹ́kùúta kan lọ́wọ́ pé kó máa mú un lọ, kí òun lè rójú da ẹran òun.

Nígbà tí Tiratur fi máa hu irùngbọ̀n, kò sí ẹni tó lè gbẹ́ òkúta alágbèélébùú bíi tirẹ̀ ní gbogbo òkè wa. Bí ẹnìkan bá kú, bí aláìsàn bá dìde, bí àgàn bá bímọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Á gbẹ́ àgbélébùú sáàárín, á wá fi ìràwọ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn yí i ká, ojú á máa tọ ìlà kan lọ títí tí kò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ etí rẹ̀ ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, òkúta kankan kì í gòkè ilé Ọlọ́run láìjẹ́ pé ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọ̀mọ̀lé fi òòlù onígi kàn án, kó sì tẹ́tí sí i. Òkúta tó pé á ró gooro bí ìkòkò tuntun. Èyí tó ti sán nínú, níbi tí ojú ò lè dé, ohùn rẹ̀ á kú. Bí àgbà bá gbọ́ ohùn òkú, á fi èédú fa ìlà sí òkúta náà lójú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá a jiyàn, bó ti wù kí iṣẹ́ ara rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ó bá dákẹ́, òkúta gòkè nìyẹn. Láti ìgbà tí ọ̀gá Tiratur ti kú ni òòlù yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí òkúta tó dákẹ́ lé lórí rí tó já àwọn èèyàn kulẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn ún. Òun àti Mamkan ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ méjì, àìsàn kó àwọn méjèèjì lọ nígbà òtútù ọdún kan náà, Ọlọ́run kò sì tún fún wọn ní òmíràn. Ta ni yóò máa gbàdúrà fún un bó bá kú? Àṣà wa ni pé ọ̀gá tó bá kọ́ àjà ilé Ọlọ́run ni wọ́n ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta lábẹ́ àjà náà: “Ẹ rántí lágbájá nínú àdúrà yín.” Ẹni tó bá wọlé tó sì kà á gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún un, títí di ọjọ́ ìdájọ́. Tiratur ti gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ti gbẹ́ fèrèsé, ó ti gbẹ́ òkúta sàréè àwọn ọlọ́lá, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ àjà rí. Nítorí náà, nígbà tí opó ìjòyè kan kó ọrọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí iwájú ilé ìjọsìn Khoranasar, Tiratur sáré wálé wá bá Mamkan.

“Ọmọ wa dé,” ló sọ fún un.

Mamkan mọ ohun tó ń sọ. Ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni Tiratur fi ń ronú àjà náà. Bí òrùlé ilé tiwa gan-an ló fẹ́ ṣe é: bí a ti ń to igi lé igi, tó ń kéré sí i bó ti ń lọ sókè, títí tí yóò fi ku ojú kan ṣoṣo tí èéfín ń gbà jáde. Òkúta ni òun yóò fi ṣe é, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i pé ilé Ọlọ́run àti ilé bàbá òun jọra wọn. Ẹ wò ó, èrò tó dára ni. N kò ní bú u lórí ìyẹn.

Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni Bàbá Yesayi, olórí àwọn tó ń sin Ọlọ́run ní Khoranasar, ránṣẹ́ pè é. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró tì í, aṣọ rẹ̀ mọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ kò ju ti ewúrẹ́ lọ.

“Amirbek nìyí,” ni Bàbá Yesayi wí. “Ọmọ òdìkejì odò ni. Ìlú Karin ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń kọ́lé fún ọba wọn.”

Amirbek tẹrí ba, ó fi ẹnu ko ọwọ́ Tiratur. “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Òkúta yín tó wà létí odò ni mo fi dàgbà. Mo ròyìn yín fún àwọn ará Karin títí ọ̀rọ̀ yín fi sú wọn.”

“Ó sú wọn, àbí?” ni Tiratur fèsì. “Ẹ kú ìròyìn.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbà ń bá òun ṣeré ni. Bàbá Yesayi wá sọ ọ̀rọ̀ náà síta: ògiri àti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn di ti Tiratur, Amirbek ni yóò kọ́ àjà. Tiratur délé. Ó dojú kọ ògiri, kò jẹun. Ó rí lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já ọmọ gbà mọ́ lọ́wọ́.

Owú tí àwọn orogún ń jẹ, gbogbo ayé ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí ọkùnrin ń jẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ló burú jù, torí a kì í pè é lórúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ràn àgbà la ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Tiratur ti dé ibi iṣẹ́ tó ń pín ìmọ̀ràn kiri.

Amirbek ní kí wọ́n fi ẹfun rẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn, kó dán. Ó wá mú okùn àti èédú, ó ya gbogbo àjà náà sílẹ̀, bó ti máa tóbi tó gan-an lókè. Ihò kéékèèké ni, ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkan bí ihò afárá oyin, ìpele kan yọ orí síta ju ìkejì lọ, gbogbo wọn ń sún mọ́ àárín títí ó fi ku ojú kan tí a ó ti máa rí ojú ọ̀run. Kò sí igi tí yóò gbé e dúró. Òkúta ni yóò gbára lé òkúta. Àwọn ọ̀mọ̀lé ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjá lórí àwòrán yẹn. Tiratur fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá.

“Bàbá, ẹsẹ̀ yín o!” ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ẹfun pariwo.

“Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi? Mo rò pé ilẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, orí òkúta la ti ń ṣiṣẹ́, a kì í fi ilẹ̀ ṣeré ọmọdé.” Ó yíjú sí àwọn yòókù. “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.”

“Òótọ́ ni, Bàbá,” ni ẹni tó ń po ẹfun náà dáhùn, “àmọ́ àkísà kọ́ la fẹ́ fi bo ilé Ọlọ́run.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Amirbek nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ náà kúrò, ó tún ìlà rẹ̀ fà. Ìyẹn tún dun Tiratur ju ẹ̀rín lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí kì í lọ wo iṣẹ́ Amirbek. Bí ó bá ti gbẹ́ ìwọ̀nba tirẹ̀ lára ẹnu ọ̀nà, á kó irin rẹ̀ jọ, á lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò oyin. Á wo bí wọ́n ti ń dá igun sí i, bí ẹ̀yìn òkúta ti gùn ju iwájú lọ kó má baà ṣubú, bí ìpele kan ti ń di ìpele kejì mú. Àṣìṣe ló ń wá, ẹni tó sì ń wá àṣìṣe ẹlòmíràn kì í ṣẹ́jú. Kò rí kankan. Ó ń lá àlá pé àjà náà wó, á jí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ojú á wá tì í.

Nínú ilé pàápàá kò sí ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, Mamkan se harisa, àlìkámà àti ẹran tí a sè títí wọ́n fi di ọ̀kan, ó sì bu àwo kan sọ́tọ̀.

“Ta lo bu ìyẹn fún?”

“Amirbek ni. Òun nìkan ló ń gbé, ta ló ń dáná fún un?”

“Wọn ò kọ́ ọ lóúnjẹ sísè ní Karin ni? Ṣebí gbogbo nǹkan ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀.”

“Tiratur, jẹun ẹ.”

“Ẹran tó wà nínú tiẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ.”

“Mo gbọ́. Wá tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó o kó èyí tó bá wù ẹ́.” Mamkan gbé àwo náà, ó jáde. Nígbà tó dé, ó ní ọmọ yẹn mọ ọpẹ́ dá, pé ó wólẹ̀ kí òun. Tiratur ju síbí sílẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gun òkè lọ bá Bàbá Yesayi. Ó bá a lábẹ́ igi, níbi tó ti ń fọ́ àsálà jẹ.

“Bàbá, n kò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Àmọ́ nǹkan tí ọmọ yìí ń kọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìkírun ni wọ́n ń ṣe é sí ní Karin. Ṣé abẹ́ ẹ̀ la ó wá máa kọrin sí Kristi?”

Bàbá Yesayi fọ́ àsálà kan. “Ìràwọ̀ tó o máa ń gbẹ́ yí àgbélébùú ká, ta ló kọ́ ẹ?”

“Ọ̀gá mi ni, ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Ta ló kọ́ ọ̀gá ẹ?”

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ara aṣọ gàárì oníṣòwò ará Páṣíà kan ni ọ̀gá rẹ̀ ti wo ìràwọ̀ náà.

“O ò dáhùn? Àwọn ará Karin tó ò ń sọ yẹn, ta lo rò pé ó bá wọn gbẹ́ ẹnu ọ̀nà wọn? Ṣebí àwọn ọmọ òkè wa náà wà níbẹ̀. Wọ́n yá tiwa, àwa náà yá tiwọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, Tiratur. Gba àsálà.”

“Eyín ń dùn mí,” ni Tiratur wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìgbà ìkórè dé, ó kọjá. Àjà náà ti ga sókè, ó ku ìpele tó kẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ló ń yára nítorí pé bí yìnyín bá bá àjà ní ṣíṣí, omi á wọ inú ẹfun tó lẹ òkúta mọ́ òkúta, á dì, á sì fọ́ gbogbo iṣẹ́. Wọ́n to àwọn òkúta ìpele tó kẹ́yìn sílẹ̀. Tiratur mú òòlù onígi àti èédú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kàn wọ́n, Amirbek sì ń tẹ̀ lé e.

Àkọ́kọ́ ró gooro. Ìkejì náà ró gooro. Ó kan èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ kú.

Ó gbọ́ ọ dáadáa. Èédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè láti gba ara rẹ̀ níyànjú, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú àjà náà. Oòrùn ń gba ojú òkè wọlé, ó ń kán sínú ihò kọ̀ọ̀kan, àwọn kan mọ́lẹ̀, àwọn kan ṣókùnkùn, bí ènìyàn bá sì rìn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Ó dára. Ó dára ju òrùlé igi bàbá rẹ̀ lọ, ó dára ju ohunkóhun tí Tiratur ti fi ọwọ́ ṣe rí láyé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òkúta náà á kàn là bí wọ́n bá ti ń fi okùn fà á gòkè ni, pé ilẹ̀ òfìfo ló máa jábọ́ sí, pé kò ní ju kí ojú ti ọmọ yìí díẹ̀. Ó mọ̀ pé Amirbek ń wo òun. Kò wò ó padà. Ó ti èédú bọ àpò, ó kọjá sí òkúta tó kàn.

Òkúta náà kò là nígbà tí wọ́n ń fà á. Ó dé òkè láyọ̀ àti àlàáfíà. Ìgbà tí Amirbek ń fi ọwọ́ darí rẹ̀ sáyè ni ó là sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì fún ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà mọ́ ara ìpele ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ariwo òkúta.

Oníṣègùn gé ìka mẹ́ta kúrò, ó ní àwọn tó kù kò ní lè di irin mú mọ́. Mamkan ló ní kí wọ́n gbé e wá sí ilé òun, pé òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Kò bi ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí Tiratur kò fẹ́ rí láyé ṣe di ẹni tó ń sùn létí ààrò rẹ̀.

Ta ni yóò wá parí àjà? Bàbá Yesayi pe gbogbo àwọn ọ̀mọ̀lé jọ, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ bí àwọn òkúta ìpele tó kẹ́yìn ṣe ń gbé ara wọn dúró. Tiratur ló dìde. Ó mú èédú, ó ya ihò kọ̀ọ̀kan láìwo ilẹ̀ ẹfun rárá, torí gbogbo oṣù tó fi ń wá àṣìṣe, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ láìmọ̀. Ó gbẹ́ òkúta mìíràn dípò èyí tó là. Ó kàn án, ó ró. Ó gun òkè fúnra rẹ̀, ó to àwọn òkúta náà, ó parí àjà, nígbà tí òtútù ti ń jẹ àwọn ènìyàn létí.

“Gbẹ́ orúkọ rẹ síbẹ̀,” ni Bàbá Yesayi wí. “Ìwọ lo parí ẹ̀.”

Ẹ rántí pé ohun tó ti ń wá látọjọ́ nìyí, ọmọ tí kò bí. Ó mú irin rẹ̀ lọ síwájú òkúta tó wà lábẹ́ àjà. Lẹ́yìn náà ó gbẹ́ “Ẹ rántí Amirbek nínú àdúrà yín,” kò sì fi tirẹ̀ sí i. Gbogbo abúlé pariwo. Wọ́n ní irú ọkàn wo nìyí, wọ́n ní àgbà nìyí. Ó dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn nínú. Ó rò pé òun ti san án tán.

Ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí ààrò inú ilẹ̀ ká, wọ́n na ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ òtútù kan náà tí a máa ń tẹ́ bo ààrò. Mamkan ń ya búrẹ́dì fún Amirbek.

“Bàbá,” ni Amirbek wí, “wọ́n sọ ohun tẹ́ ẹ gbẹ́ fún mi. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, ẹ má bínú sí mi.”

“Sọ ọ́.”

“Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kan òkúta yẹn, ó ṣe mí bíi pé ohùn rẹ̀ ti kú. Mo wojú yín. Ẹ dákẹ́. Mo wá bá ara mi wí, mo ní, Amirbek, ta ni ẹ́ tí etí ẹ á fi mọ̀ ju ti Bàbá Tiratur lọ? Ni mo bá ní kí wọ́n fà á.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kó máa jẹ yín lọ́kàn o. Etí àgbà náà máa ń rẹ̀ ẹ́. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé.”

“Kì í ṣe òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀,” ni Mamkan sọ sí i. “Mo máa ń pè é títí kó tó dáhùn. Mo ti sọ fún un pé etí ẹ̀ ti ń di, kò gbà.”

Orí ni Tiratur ì bá mì, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Wọ́n á máa pè é ní arúgbó adití tó lọ́kàn rere, kó sì fi bẹ́ẹ̀ sùn nínú sàréè rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí yẹn nìkan ló kù fún un láyé tí kò tíì sí ẹni tó fi jù ú lọ, kò sì lè jókòó kí wọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ẹ̀rí ọkàn ló sọ̀rọ̀, bóyá owú náà ni, èmi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

“Etí mi ò di,” ló wí. “Mo gbọ́ ohùn òkú lára òkúta yẹn, bó o ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.”

Mamkan dá ọwọ́ dúró lórí búrẹ́dì. Amirbek wo ojú bàbá náà bó ti wò ó lọ́jọ́ iṣẹ́.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?”

“Torí pé àjà rẹ dára.”

Amirbek yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ aṣọ. Ó ń fi ọwọ́ òsì so okùn bàtà rẹ̀, ó pẹ́ kó tó so ó tán, kò sì sí ẹni tó lè nawọ́ ràn án lọ́wọ́. Mamkan ló bá a ṣílẹ̀kùn.